Oṣù Mẹ́ta Ìdánwò ní Sọ́mìlì Alhájì

Àwọn ọmọ àdúgbò wa tó bá ń wáṣẹ́ kì í pẹ́ mọ ojúlé mi. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á wá fajú ro: "Bàbá, wọ́n ti gbà wá síṣẹ́ o, àmọ́ wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi dán wa wò ná." Wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sẹ́wọ̀n. Èmi a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ìyàwó tí ẹ fẹ́ fẹ́, ẹ kò ní wò ó dáadáa kí ẹ tó gbé e wọlé ni? Òun náà kò ní wò yín? Iṣẹ́ gẹdú ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe nílùú Ìlá yìí, láti ìgbà tí mo ti jẹ́ géńdé títí dìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ká dán èèyàn wò lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ, mi ò so ó mọ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo kó ẹrù mi kúrò ní Ìbàdàn padà wálé. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe lọ́hùn-ún, iṣẹ́ náà sì ti dẹnu kọlẹ̀. Sífáwù ìyàwó mi ti lóyún àkọ́bí wa, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Òkè, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Alhájì kan tó ní sọ́mìlì lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ la gẹdú sí pákó. Alhájì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n na ọwọ́ mi kí òun rí i. Nígbà tó rí i pé àtẹ́lẹwọ́ mi le, ó dárúkọ ohun tó máa san, mo ní ó dára, ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ó wá kọjú sí Bàbá Òkè, ó ní: "Oṣù mẹ́ta la ó fi wò ó o. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá wù mí láàárín rẹ̀, màá ní kó máa lọ, kò sì ní sí 'kí ló dé'. Bí iṣẹ́ náà kò bá wu òun alára, kó tètè sọ fún mi, kó máa bá tirẹ̀ lọ, inú kò ní bí mi."

Bàbá Òkè ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀, Alhájì. Èmi ni oníduúró rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gba Tàfá. Ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú ni, ọkùnrin gíga kan tó ti ṣe kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ rí, aláwàdà pátápátá. Bí a bá ń ru pákó, á máa ké pe èrò bí ẹni pé ọkọ̀ Òṣogbo ló ń kún. Ẹ̀rín ló fi ń mú kí ẹrù fúyẹ́ lórí wa. Ọjọ́ kìíní yẹn gan-an la ti dọ̀rẹ́.

Ẹni tó wá wà lórí wa ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀gá Sùlé ni olórí àwọn òṣìṣẹ́. Há! Bàbá yẹn le. Kò ga, kò sanra, àmọ́ bó bá wúkọ́ lásán, gbogbo wa á dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Tàfá na ọwọ́ sí ara ẹ̀rọ, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń gbóná tó. Ọ̀gá Sùlé gbá a lọ́wọ́ pàá! Ó ní: "Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án? Ṣé ọwọ́ yín ni mo gbà síṣẹ́ ni? Ojú yín ni mo gbà, etí yín ni mo gbà. Títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ yìí nínú yín."

Bó ṣe rí nìyẹn. Gbígbá ilẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó á wọ imú wa, á wọ ọrùn wa, bí mo bá délé, ìyá mi á ní kí n gbọn ara nù kí n tó wọlé. Lẹ́yìn náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ gẹdú wò. Gbogbo ìtì igi tó bá wọ ọgbà, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn àáké kàn án láti ìdí dé orí, ká máa tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, ká sì bó èèpo ibi tí ohùn bá ti yí padà. Ìdí ni pé nílẹ̀ wa níbí, àwọn ọdẹ a máa kan irin mọ́ ara igi ńlá láti fi gun ègùn wọn, ìyẹn ibùba tí wọ́n ń ṣe sókè igi tí wọ́n á fi máa ṣọ́ ẹran. Ọdẹ á kú, ègùn á jẹrà, igi á máa dàgbà, á sì gbé irin náà mì. Bí ojú kò bá mọ ìtàn oko náà, kò lè mọ̀ pé irin wà níbẹ̀. Àmọ́ irin tó bá ti pẹ́ nínú igi apá, ara igi níbẹ̀ á dúdú bí aró. Ọ̀gá Sùlé á fi ìka tọ́ka sí i, á ní, "Ibi tó o bá ti rí èyí, gẹdú yẹn kò gbọdọ̀ dé iwájú ayùn. Kódà bó jẹ́ èmi ni mo ní kó o yí i wọlé."

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ohun tó fi ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí mo bá fo ibì kan, á ní, "Jímọ̀, ojú ẹ fọ́ ni?" lójú gbogbo èèyàn. Nígbà kan inú bí mi débi tí mo fi sọ fún Sífáwù pé mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ lọ jàre. Ẹni tó ń bú yín yẹn, ẹ̀yin ló ń rí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ mọ iṣẹ́, ṣé á máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu?" Òótọ́ ló sọ. Nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí a bá ti kírun dé, Ọ̀gá Sùlé á pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sọ ohun tí a ṣe dáadáa àti ohun tí a bà jẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé òpin oṣù kẹta kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ẹ̀sùn tí kò gbọ́ rí. Ẹ̀yin tí ẹ máa di ọ̀gá lọ́la, ẹ mú ìyẹn dání. Ẹni tó ń dán èèyàn wò tí kò bá a sọ̀rọ̀, pańpẹ́ ló dẹ.

Ọkùnrin kan tiẹ̀ wà tó bá wa bẹ̀rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ń já a láyà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Ọ̀gá Sùlé pé òun fẹ́ máa lọ. A bá a ṣàdúrà, ó lọ, kò sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín. Aṣọ ló wá ń rán lẹ́yìn náà, ó sì rí ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́ kúrò nílẹ̀ kí n má gbàgbé. Ọ̀gá Sùlé nígbà èwe rẹ̀, ayùn ọlọ́wọ́ ni wọ́n fi ń la pákó. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé gẹdú dábùú rẹ̀, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wà nínú kòtò, wọ́n á máa fà á lọ fà á bọ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo lẹ́búlẹ́bú ń dà lójú. Ó ní ibẹ̀ lòun ti ṣe oṣù mẹ́ta tòun, nínú kòtò. Nígbà tiwa, ẹ́ńjìnì oní-dísẹ́ẹ̀lì ló ń yí ayùn, ayùn gígùn bẹ̀lẹ́jẹ́ tó ń yípo lórí táyà irin méjì, tí a ń pè ní bíléèdì. Nígbà tí èmi náà di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, ayùn ẹlẹ́rọ àgbéléjìká ti gba inú igbó kan, wọ́n á gé igi lulẹ̀ ká tó wí tán. Igi apá tó tóbi bí yàrá tí a máa ń rí tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́, igi tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n ń gbé wá, tí èèyàn á rò pé igi ìdáná ni. Ó dùn mí, àmọ́ kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù kẹta wa pé ni Ọ̀gá Sùlé lọ sin ìyá àgbà kan nílé wọn. Alhájì alára ló dúró sídìí ẹ̀rọ, nítorí òun náà mọ̀ ọ́n wà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n já ìtì apá ńlá kan sílẹ̀ láti oko kan lọ́nà Òkè-Ìlá. Káfíńtà tó fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ti jókòó sábẹ́ ọ̀dán, ó ń wo aago, ó ń pòṣé. Mo mú àáké, mo ń kan gẹdú náà lọ. Nígbà tí mo dé agbedeméjì, ohùn rẹ̀ yí padà. Mo bó èèpo rẹ̀. Àfi dúdú, bí ẹni da aró sí i.

Mo ní, "Alhájì, irin wà nínú igi yìí, sà. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò ná."

"Irin wo? Ìwọ lo gbìn ín síbẹ̀?"

"Ọ̀gá Sùlé ní bí a bá ti rí i báyìí..."

"Sùlé ló ni sọ́mìlì ni? O kò rí oníbàárà tó jókòó? Yí i wọlé!"

"Alhájì, ẹ má bínú sà. Mi ò lè yí i."

Ó pa ẹ́ńjìnì. Ó ní, "Jímọ̀, o gbàgbé pé a ṣì ń dán ẹ wò, àbí?"

Mo ní mi ò gbàgbé. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ikùn Sífáwù ló wá sí mi lójú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, kò lọ síbi gẹdú yẹn. Ni Tàfá bá já àáké gbà lọ́wọ́ mi, ó fi ẹ̀rín bò ó: "Kúrò lọ́nà jàre, ọkọ Sífáwù. Jẹ́ ká jẹun. Màá yí i." Òun àti àwọn yòókù yí i wọlé, Alhájì tún tan ẹ́ńjìnì.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko. Ayùn wọ igi náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo tiẹ̀ ti ń rò pé bóyá èmi ni mo ṣì í. Lẹ́ẹ̀kan náà ni nǹkan dún gbàù! Bíléèdì já, ó fò jáde bí ejò, Tàfá ló sì wà níbẹ̀ tó ń gba pákó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló bà, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Mo sáré sí i, mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi di ọwọ́ náà le. Ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀wù náà kọjá. Tàfá kò pariwo, ohun tó ṣáà ń tún sọ ni pé, "Kí ìyá mi má gbọ́ o, Jímọ̀. Kí ìyá mi má gbọ́." A gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, ó di ọsibítù.

Alhájì bá wa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó béèrè pé, "Ta ló ni ọkùnrin yìí? Òṣìṣẹ́ ta ni?"

Mo wo Alhájì. Alhájì wo ilẹ̀, ó ní, "Wọ́n kàn ń dán an wò lọ́dọ̀ mi ni. Kò tíì di òṣìṣẹ́ mi."

Tàfá gbọ́. Ó yí ojú sí ògiri. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí bí igi ṣe ń wó lu èèyàn, mo ti rí bí ìka ṣe ń gé, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí jù wọ́n lọ.

Alhájì lọ, kò sì padà wá mọ́. Ìyá Tàfá ló gbọ́ nígbẹ̀yìn, tó wá láti Ọ̀tan, tó ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, òun nìkan ló ń sá sókè sá sódò. Ní sọ́mìlì, Alhájì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé àìfarabalẹ̀ ọmọ náà ló fà á. Nígbà tí Ọ̀gá Sùlé dé, mo rò ó fún un. Kò bi mí ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ?" Mo ní Alhájì ni. Ó mí kanlẹ̀, ó lọ jókòó ti bíléèdì tó já náà. Wọ́n ní bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Gbogbo wa pa ẹnu mọ́.

Ibi tó wá le sí nìyí o. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni Alhájì ń yìn. "Jímọ̀ lójú. Jímọ̀ láròjinlẹ̀." Ó hàn gbangba pé iṣẹ́ náà ti dọwọ́ mi, bí mo bá ṣáà ti lè dákẹ́. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún Sífáwù. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n bímọ sílẹ̀ tán kí ẹ wá máa wáṣẹ́ kiri?" Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣáà di ọwọ́ ọ̀rẹ́ yín. Ohun tí ojú yín rí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Àṣà kan wà ní sọ́mìlì wa tí Ọ̀gá Sùlé mú wá láti ibi kòtò rẹ̀. Ọjọ́ tí ìdánwò ẹnì kan bá pé, wọ́n á pe oníduúró rẹ̀, gbogbo wa á jókòó sórí gẹdú. Alhájì á kọ́kọ́ sọ bóyá òun gba èèyàn náà. Bó bá ní òun gbà á, oníduúró á wá bi èèyàn náà bóyá òun náà gba ọ̀gá. Gbogbo ayé ló máa ń ní "mo gbà" wéré, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á mu omi tútù, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá Òkè dé lọ́jọ́ tèmi, ó wọ dàńṣíkí funfun. Alhájì ní, "Ọmọ yín ṣeé fọkàn tán. Mo gbà á." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Òkè wá kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Jímọ̀, ìwọ náà ńkọ́? O gba Alhájì lọ́gàá?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Mi ò tíì lè dáhùn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wọn.

Mo ní, "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọ̀sẹ̀ kan náà lẹ gba èmi àti Tàfá. Bó bá jẹ́ èmi ni mo yí igi yẹn wọlé, ohun tí ẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì nípa mi náà nìyẹn. Láti àárọ̀ tí a ti kọ́kọ́ ru pákó yín la ti di òṣìṣẹ́ yín. Ohun tí ìdánwò wà fún ni kí ẹ lè ní ká máa lọ bí a kò bá mọ iṣẹ́ ṣe. Kì í ṣe kí ẹ lè sọ pé ẹ kò mọ̀ wá rí bí iṣẹ́ yín bá ṣe wá léṣe."

"Jímọ̀!" Bàbá Òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. "Ṣé orí ẹ pé? Ìyàwó ẹ lóyún o!"

Alhájì dìde. "Ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni mò ń dán ẹ wò, àbí ìwọ lò ń dán mi wò?"

Ọ̀gá Sùlé ló dáhùn. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni, Alhájì. Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn."

Alhájì kó agbádá rẹ̀ léjìká, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kò lé mi, kò gbà mí. Bàbá Òkè bú mi láti sọ́mìlì dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ní mo fi ẹsẹ̀ ara mi ta oúnjẹ ara mi dànù. Sífáwù gbọ́, ó sunkún díẹ̀, ó nujú, ó bu oúnjẹ fún mi. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò mọ̀ bóyá mo níṣẹ́ tàbí mi ò níṣẹ́, ni mo bá kọrí sí ọsibítù láti wo Tàfá. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo dúró. Alhájì ló jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti bọ́ fìlà, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí kò sùn. Ìyá Tàfá wà lórí ẹní, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ tí Alhájì ń sọ fún un pé, "Òṣìṣẹ́ mi ni. Ohunkóhun tó bá gbà títí ọwọ́ yẹn á fi san, èmi ni kí ẹ bi. Ohun tí mo sọ níjọ́sí, kò dáa."

Ó gbójú sókè, ó rí mi. "Jímọ̀, wọlé. Wọ́n bi ẹ́ ní nǹkan lánàá, o kò dáhùn."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò lè dá a dúró. Mo ní, "Mo gbà yín, Alhájì. Mo gbà yín, sà."

Tàfá wúkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ àwàdà kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá o, èmi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí."

Alhájì rò pé ó ń ṣeré, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú Tàfá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fà sún mọ́ ọn, ó ní, "Tàfá, mo bẹ̀ ẹ́. O gbà mí lọ́gàá?"

Tàfá wo báńdéèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá wo Alhájì tààrà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi oṣù mẹ́ta wò yín ná, sà."